Gbànja Tí Mo Ní Kí Ìyá Rìsí Gbé Lọ Fún Onílẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń bi mí pé iṣẹ́ wo ni mo ṣe jẹun, ẹ fa àga yín súnmọ́ mi díẹ̀, torí ìdáhùn rẹ̀ kò kúrú. Ìwé ilé ni mo ń tẹ̀. Ó lé ní ogójì ọdún tí mo fi jókòó sídìí táípúráítà ní Onitsha, tí mo ń tẹ ìwé àdéhùn fún onílé àti ayálégbé. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń rẹ́rìn-ín, pé kí ló wà nínú títẹ ìwé tí ìyá àgbà yìí fi ń gbé e ga tó báyìí. Ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa. Mo ti fẹ̀yìn tì, ara mi le, kò sì sí ẹnì kan ní ìlú yẹn tó lè nàka sí mi pé èmi ni mo jẹ́ kí òun pàdánù ilé. Ó ku díẹ̀ kó ṣẹlẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ohun tó sì fà á ni ẹnu mi tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́.

Fegge, àdúgbò kan ní Onitsha, ni wọ́n bí mi sí. Ìwó ni bàbá mi ti wá, bàtà aláwọ ló ń tà, mùsùlùmí tí kì í fi ìrun ṣeré sì ni. Yorùbá ni à ń sọ nínú ilé; bí a bá ti kọjá ẹnu ọ̀nà, ó di Ìgbò àti Pijin. Nígbà tí ogun Biafra dé, a sá lọ sí Ìwó, Ìbàdàn ni mo sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀wé. Nígbà tí ogun parí tí a padà sí Fegge, ilé wa kò ní òrùlé mọ́. Igi ìbẹ́pẹ ti hù nínú pálọ̀, ó ti so méjì. Ìyá mi já wọn, ó gé wọn, a jẹ wọ́n kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀.

Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Nwékè kò ní ìtàn. Mo lọ bẹ̀ ẹ́, ó dán mi wò, ó gbà mí. Owó tó ń san fún mi náà kò ní ìtàn, ẹ má bi mí. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, awò ojú rẹ̀ tó ti kán ni ó fi òwú dì, ó sì ti ṣe akọ̀wé nídìí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kí ogun tó bẹ́ sílẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù páànù kan ló ní létí Iweka Road, táípúráítà méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan tóbi, ọ̀kan kéré. Odindi oṣù mẹ́rin ni kò fi jẹ́ kí n fọwọ́ kan èyí tó tóbi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọkùnrin náà ṣe le tó. Bí o bá dé láàárọ̀, o gbọ́dọ̀ fọ ọwọ́ rẹ lójú rẹ̀. Bí o bá jẹ àkàrà, wàá tún un fọ̀. Bébà kan, kábọ̀nù kan, bébà kan, kábọ̀nù kan, títí tí ìwé yóò fi pé mẹ́rin, bí ọ̀kan bá sì yẹ̀ díẹ̀ báyìí, á ní kí o tú gbogbo rẹ̀ ká. Ní ọjọ́ kan mo ṣi lẹ́tà kan tẹ̀. Mo fi rọ́bà pa á rẹ́ jẹ́jẹ́, mo fẹ́ ẹ, mo tún un tẹ̀, inú mi dùn pé kò hàn. Ọ̀gá mú bébà náà jáde, ó nà án sókè kó lè rí oòrùn gba ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì rí ibi tó ti fẹ́lẹ́.

"Muni, wetin be this?"

"Lẹ́tà kan péré ni, sà."

"Tear am."

"Ọ̀gá, abeg, ó ku ìlà méjì kí n parí."

"Ilé èèyàn ló wà nínú bébà yìí. O wá gbẹ́ ihò sí ògiri rẹ̀. Tear am."

Mo fa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ya. Mo sunkún ní ọjọ́ yẹn, n kò ní parọ́ fún yín, mo sì ṣépè fún un díẹ̀ nínú mi. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ìka mi ti gbọ́ràn.

Òfin rẹ̀ kejì ló ya mí lẹ́nu jù. Kì í tẹ ìwé ilé tí kò bá tíì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ilé náà. Oòrùn ìbáà máa jó, a ó rìn lọ sí Fegge, a ó wọ ọkọ̀ lọ sí Obosi, a ó gun àtẹ̀gùn, yóò ka yàrá, yóò bi obìnrin ilé pé níbo ni ẹ ti ń pọn omi, àwọn wo ni wọ́n ń gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ni yóò tó tẹ̀ ẹ́. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ tán, a gbọ́dọ̀ ka gbogbo rẹ̀ sókè ní èdè tí ẹni tó fẹ́ tẹ̀ka gbọ́. Òun ló ń kà á ní Ìgbò, èmi ni mo ń kà á fún àwọn Yorùbá. Lọ́yà kan lókè ọ̀nà ló ń wò ó kẹ́yìn, tó sì ń lu òǹtẹ̀.

Kí ẹ lè mọ ohun tí mo fẹ́ sọ, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ilé ṣe rí ní Onitsha nígbà náà. Àwọn ọmọ onílẹ̀ kì í fẹ́ ta ilẹ̀ ìdílé wọn. Iye ọdún ni wọ́n ń fún ọ, wọn á kọ ọ́ sínú ìwé, a máa ń pe ìwé náà ní líìsì. Bí ọdún náà bá pé, ilé àti ilẹ̀ di ti onílẹ̀ padà, àfi bí wọ́n bá gbà láti fi ọdún kún un fún ọ. Lẹ́yìn ogun, irú líìsì kan tún pọ̀. Ilé tí ọta ìbọn ti dá lu ń bẹ káàkiri, onílé kò lágbára àtitún un ṣe. Yóò ní kí o fi owó àti agbára rẹ tún ọ̀kan nínú àwọn fúláàtì rẹ̀ ṣe, kí o máa gbé inú rẹ̀ fún ọdún márùn-ún, tàbí méje. Ohun kan wà tí ó gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e o. Lọ́dọọdún, ní àsìkò iṣu tuntun, o gbọ́dọ̀ gbé obì lọ fún olórí ìdílé tó ni ilẹ̀. Obì yẹn kì í ṣe ẹ̀bùn. Ohun tí ó ń sọ ni pé mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ni ilẹ̀. Bí o bá dáwọ́ rẹ̀ dúró, ohun tí o ń sọ ni pé ìwọ lo ni ín, wọ́n sì lè tìtorí ìyẹn gba ilé lọ́wọ́ rẹ kí ọdún rẹ tó pé.

Ìwé tí ogun jó kò lóǹkà. Àwọn èèyàn á gbé ìlàjì ìwé wá bá wa, òmíràn á gbé èyí tí ikán ti jẹ etí rẹ̀ wá, torí inú ilẹ̀ ni wọ́n rì í mọ́ nígbà tí wọ́n ń sá lọ. Ọ̀gá á pe àwọn ará àdúgbò jọ, á bi wọ́n léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó sì tún ìwé náà tẹ̀ láti ẹnu àwọn ẹlẹ́rìí. Iṣẹ́ náà dùn mọ́ mi nígbà yẹn. Ó ń ṣe mí bíi pé àwa náà wà lára àwọn tó ń tún ìlú kọ́.

Ìgbà tó yá, owó epo dé. Ọkọ̀ tó kó sìmẹ́ǹtì gba gbogbo ojú títì, gbogbo ẹni tó ní páànù mẹ́wàá ló ń kọ́lé, ẹni tí kò rí ibi kọ́ ọ sì ń wá ibi tó máa yá. Àwọn onílé tó ń bẹ èèyàn pé kó wá gbé ilé àwọn ti di ẹni tí à ń bẹ̀. Bí ọdún tó wà nínú líìsì ẹnikẹ́ni bá ti ń lọ sópin, àyà rẹ̀ á máa já, torí ẹni tó lówó jù ú ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ní àsìkò yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ Ìyá Rìsí ṣẹlẹ̀.

Aránṣọ ni Ìyá Rìsí, ará Ògbómọ̀ṣọ́, aṣọ ilé ìwé ló ń rán. Ọkọ rẹ̀, Bàbá Rìsí, jẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà. Fúláàtì òkè kan ní Fegge tí ọta ìbọn ti fọ́ ògiri rẹ̀ ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún ṣe, ìdílé onílẹ̀ tó ni ilé náà sì fún un ní ọdún méje. Ó ku díẹ̀ kí ọdún náà pé ni àìsàn ọjọ́ mẹ́ta pa ọkùnrin náà. Ó ku ìyá àti ọmọbìnrin kan ṣoṣo, Rìsí, ọmọ ọdún mẹ́fà, pẹ̀lú maṣíìnì ìránṣọ mẹ́rin. Fúláàtì yẹn ni ilé wọn, òun náà ni ṣọ́ọ̀bù wọn. Bí wọn kò bá fi ọdún kún un fún wọn, wọn kò ní ibi tí wọn ó máa sùn, wọn kò sì ní ibi tí wọn ó ti máa ṣiṣẹ́.

Ó ku oṣù méjì kí ìwé náà parí nígbà tí Ìyá Rìsí wá sí ṣọ́ọ̀bù wa. Ọ̀gá kò sí nílé, ó lọ sin ìyá rẹ̀ ní abúlé. Ó sì ti kìlọ̀ fún mi kó tó lọ: "Ìwé ayálégbé tuntun, o lè tẹ̀ ẹ́. Ohunkóhun tó bá kan àwọn onílẹ̀, dúró dè mí." Mo ní ó dáa, sà. Ṣùgbọ́n mo ti lo ọdún márùn-ún lọ́dọ̀ rẹ̀, mo ń gbọ́ Ìgbò bí ọmọ ibẹ̀, mo sì rò pé mo ti mọ gbogbo ẹ̀. Mo tẹ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ náà, ó mọ́, kò ní àléébù kan. Ìgbà náà ni Ìyá Rìsí béèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ mi.

"Múníràtù, obì wo ni kí n rà tẹ̀lé lẹ́tà yìí? Bàbá Rìsí ló máa ń gbé e lọ. Ó máa ń rà á lọ́nà ni, mi ò tiẹ̀ rí inú àpò náà rí."

"Gbànja ni kí ẹ rà, Ìyá Rìsí."

"Gbànja? Kì í ṣe àbàtà ni wọ́n ń jẹ níbí?"

"Àbàtà ni gbogbo ayé ń gbé lọ bá a. Ẹ jẹ́ ká fún bàbá náà ní ohun tó níyì. Ẹ ra èyí tó funfun tó tóbi, ẹ gbé e sínú abọ́ tuntun."

"Ṣé ó dá ẹ lójú ṣá?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀. Ṣé kì í ṣe èmi ni?"

Ẹ má rò pé mo fẹ́ ṣe é níbi. Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, gbànja ni obì. Òun ni à ń gbé lọ bá àna, òun ni à ń pín níbi ìsọmọlórúkọ, òun ni àwọn àlùfáà ń jẹ. Obì àbàtà, bàbá mi kì í jẹ́ kó wọlé wa, ó ní ti àwọn abọ̀rìṣà ni. Mo mọ̀ pé àbàtà ni àwọn Ìgbò ń pa, ojoojúmọ́ ni mo ń rí i. Ohun tí mo rò ni pé wọn kò rí èyí tó dára jù ú lọ ni. Ẹ wo irú agídí ọpọlọ.

Àwa méjèèjì la jọ lọ, obìnrin méjì, láìsí ọkùnrin kankan lẹ́yìn wa. Olórí ìdílé náà ń gbé láàárín ìlú àtijọ́, níbi tí àwọn ọmọ onílẹ̀ ń gbé. Ògbúefi ni gbogbo èèyàn ń pè é, oyè rẹ̀ nìyẹn. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dé fìlà pupa, ó fi ẹ̀rín kí wa. "Nnọọ nụ," ó kí wa káàbọ̀, ó ní kí a jókòó. Ó gba lẹ́tà, ó fi í sórí itan. Ìyá Rìsí kúnlẹ̀, ó ṣí abọ́ síwájú rẹ̀. Ẹ̀rín náà lọ kúrò lójú bàbá.

"Nke a abụghị ọjị," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, pé èyí kì í ṣe obì.

Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé ó ń ṣeré. "Nna anyị, bàbá wa, òun ló dára jù lọ́jà o."

"Gworo àwọn Hausa ni. Ẹni tó bá ń wá ohun tí yóò fi rin ìrìn àjò ló ń jẹ ẹ́. A kì í fi í bá ilẹ̀ sọ̀rọ̀." Ó yíjú sí Ìyá Rìsí. "Ọdún méje ni ọkọ rẹ fi ń gbé ọjị wá síwájú mi. Kódà ní ọdún tí kò sí nǹkan ní ìlú yìí, ó gbé ẹyọ mẹ́rin wá. Ó mọ ẹni tó ni ilẹ̀. Ó kú tán, ìwọ wá sọ fún mi pé n kì í ṣe onílẹ̀ mọ́."

"Rárá o, bàbá!"

"Láti ìgbà tí ìwé ti jóná, èèyàn mẹ́ta tó ń gbé orí ilẹ̀ wa ló ti gbé wa lọ sí kọ́ọ̀tù. Bí gbogbo wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Wọ́n kọ́kọ́ fi obì wa ṣeré." Ó ká lẹ́tà mi padà, ó nà án sí mi. "Ọlọ́jà sìmẹ́ǹtì kan ti ń tọrọ òkè yẹn lọ́wọ́ mi. Ó fẹ́ fi ṣe ọ́fíìsì. N kò tíì dá a lóhùn. Nígbà tí ìwé yín bá parí, ẹ kó ẹrù yín."

Ìyá Rìsí dìde, a jáde sí ojú títì. Níbẹ̀ ló ti dúró, ó gbé ọwọ́ lérí.

"Múníràtù, ṣé o fẹ́ kí n gbé maṣíìnì mi sójú títì Iweka kí n máa ránṣọ láàárín ọkọ̀ ni? Mo bi ẹ́! Mo ní ṣé ó dá ẹ lójú! O ní ṣé kì í ṣe ìwọ ni! Ó dáa, ìwọ náà kọ́! Ìwọ lo wá lé èmi àti ọmọ mi síta!"

Ìtìjú bò mí, ẹ̀rù sì ń bà mí gidigidi. Fún ọjọ́ mẹ́ta tí mo fi ń dúró de Ọ̀gá, ẹ̀kọ nìkan ni mo ń mu. Bí mo bá ti rí ọmọdébìnrin kan tó wọ aṣọ ilé ìwé, mo máa ń yí ojú mi sápá kan.

Nígbà tí Ọ̀gá Nwékè dé, mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìfi ọ̀kan pamọ́. Mo rò pé yóò pariwo. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀.

"You carry gworo go give Onitsha man?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Two women. No man follow una."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó dìde, ó mú aṣọ, ó fi bo táípúráítà mi. "O kò ní fọwọ́ kàn án títí Ògbúefi yóò fi fún obìnrin yẹn ní ọdún. Bí kò bá fún un, má padà wá mọ́." Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́ kó bá mi bẹ bàbá náà. Ó ní òun yóò tẹ̀ lé wa láti gbé obì kalẹ̀, torí ọkùnrin ló ń gbé e kalẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu tó bà á jẹ́ ni yóò tún un ṣe. Òun fúnra rẹ̀ ló mú mi lọ sọ́jà. Ó kọ́ mi bí mo ṣe máa mọ ọjị tó dára, pé kí n wo awẹ́ rẹ̀, kí n má ra èyí tí kòkòrò ti wọ̀. Mo rọra gbé e dání bí ẹyin.

Ní ọjọ́ kejì àwa mẹ́ta padà lọ. Ìyá Rìsí kò fẹ́ bá mi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan náà nínú ọkọ̀. Ọ̀gá kí Ògbúefi, wọ́n kí ara wọn pẹ́, lẹ́yìn náà ó ní, "Ọmọ yìí ní ọ̀rọ̀ láti sọ." Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́ ní Ìgbò.

Mo ní, "Nna anyị, Ìyá Rìsí kò mọ nǹkan kan. Èmi ló béèrè lọ́wọ́ mi, èmi ni mo sì ṣì í sọ. Nínú ilé bàbá mi, gworo yẹn ni ohun tó níyì jù tí a lè gbé síwájú àgbà. Òun ni a fi fẹ́ ìyá mi. Ọjị tiyín, bàbá mi kì í jẹ́ ká gbé e wọlé, ó ní ti òrìṣà ni. Mo rò pé mo ń bu ọlá fún yín. N kò béèrè, ìgbéraga ló jẹ́ kí n má béèrè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹ̀ṣẹ̀ mi gba ilé lọ́wọ́ opó."

Bàbá náà yíjú sí mi. "Bí ọmọ Fegge lo ṣe ń sọ̀rọ̀. Ṣé ibẹ̀ ni wọ́n bí ọ sí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"O dàgbà ní ìlú yìí, o kò jẹ ọjị rí?"

"Rárá, nna anyị."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Kò fẹ́ rín in, ẹ̀rín náà ló fipá jáde. Ó gba obì lọ́wọ́ Ọ̀gá, ó fi í súre, ó pa á, ó sì na awẹ́ kan sí mi. Gbogbo wọn ń wò mí. Mo ní bisimilà nínú mi, mo jẹ ẹ́. Ó korò, omi bọ́ lójú mi, mo sì ń mi orí pé ó dùn. Ìgbà yẹn ni Ìyá Rìsí pàápàá bú sẹ́rìn-ín, obìnrin tí kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ mẹ́rin.

"Gworo yín yẹn," ni Ògbúefi wí, "n kò jù ú nù o. Mo fún Hausa tó ń ṣọ́ ilé mi. Kò tíì tòògbé lẹ́nu iṣẹ́ láti ìgbà náà."

Ó yí padà sí Ìyá Rìsí. "Èèyàn rere ni ọkọ rẹ. N kò fẹ́ sìmẹ́ǹtì lórí òkè mi, eruku rẹ̀ pọ̀. Ọdún mélòó lo ń fẹ́?"

Ìyá Rìsí kò gbàgbọ́ pé òun ni ó ń bá sọ̀rọ̀. "Bàbá, bí ẹ bá lè fún wa ní ọdún mẹ́ta..."

"Ọmọ rẹ ńkọ́? Ọmọ ọdún mélòó ni?"

"Ọmọ ọdún mẹ́fà ni."

"Kí ó wà níbẹ̀ títí yóò fi lọ sílé ọkọ."

Ọ̀gá Nwékè wúkọ́. "Ògbúefi, ìwé kò mọ ọjọ́ ìgbéyàwó. Iye ọdún ni kí ẹ sọ."

"Ogún," ni bàbá náà sọ, bí ẹni tó ń pàṣẹ omi mímu.

Ní ọ̀nà, Ìyá Rìsí di ọwọ́ mi mú. Kò bẹ̀ mí, èmi náà kò sì retí ẹ̀bẹ̀, àmọ́ kò jáwọ́ lọ́wọ́ mi títí a fi dé Fegge. A gun òkè, Ọ̀gá ka yàrá bó ṣe máa ń ṣe, ó fọwọ́ kan ibi tí Bàbá Rìsí ti dí ihò ọta ìbọn, ó ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé pé ayálégbé ló tún ògiri náà ṣe. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn ó ká aṣọ kúrò lórí táípúráítà, èyí tó tóbi. Mo tẹ ìwé náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìṣi lẹ́tà kankan tẹ̀. Nígbà tí mo kà á fún Ìyá Rìsí ní Yorùbá tí mo dé ibi ogún ọdún, ó ní kí n tún ibẹ̀ kà. Mo tún un kà. Ó ní kí n tún un kà. Ara mi fúyẹ́ lọ́jọ́ náà débi pé mo jẹ ẹ̀wà abọ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá mọ iṣẹ́. Ohunkóhun tí ó bá kan àṣà àwọn onílẹ̀, mo ń béèrè, ìbáà jẹ́ pé mo mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá Nwékè darúgbó, ó fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún mi. Táípúráítà oníná dé, ó ń sáré bí aṣiwèrè, àmọ́ tí iná bá lọ, a ó padà sídìí ti àtijọ́. Ọ̀dà funfun tí wọ́n fi ń pa àṣìṣe rẹ́ náà dé, n kò jẹ́ kó wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Fọ́tòkọ́pì lé kábọ̀nù lọ, inú mi dùn, torí dúdú kábọ̀nù ti ba bùbá mi jẹ́ tó. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, àwọn ọmọ kọ́ mi, mo kọ́ ọ. Lẹ́tà tí wàá pa rẹ́ tí kò ní fi àpá kankan sílẹ̀! Mo rò ó pé ká ní Ọ̀gá wà láyé ni, ì bá wá oòrùn tí yóò nà án sí. Ṣùgbọ́n n kò fi gígun àtẹ̀gùn sílẹ̀. Títí tí mo fi ṣíwọ́, n kò tẹ ìwé ilé tí n kò wọ̀.

Bí ẹ bá wá ń bi mí bóyá kí ẹ kọ́ irú iṣẹ́ báyìí, n kò lè sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ fún yín. Mo lè sọ ohun kan tí mo rí fún yín.

Ọdún kẹrìndínlógún lẹ́yìn ọ̀rọ̀ gbànja, Ìyá Rìsí kú. Ìdí maṣíìnì ló wà, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun sùn díẹ̀, kò sì jí mọ́. Ògbúefi ti kú ṣáájú rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló wà nípò rẹ̀. Ọjọ́ kẹsàn-án tí ìyá rẹ̀ kú ni Rìsí wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ti dàgbà, òun náà ti di aránṣọ, Ìgbò sì rọ̀ ọ́ lọ́rùn ju Yorùbá lọ. Ojú rẹ̀ wú. Ó ní òun ti di ẹrù òun, òun ti tú àwọn maṣíìnì kúrò lórí tábìlì wọn.

"Mama Muni, abeg, how many weeks dem go give me?"

"Ta ló ní kí o kó jáde?"

"Nobody. But na Mummy get the house, and Mummy don go."

Mo ní kó jókòó. Mo wá fáìlì náà, mo wọ awò ojú mi, mo kà á, mo sì fi ìka ka ọdún láti ìbẹ̀rẹ̀ kí n má baà tún ṣì í sọ. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Ọdún mẹ́rin," ni mo sọ.

"Ẹ ní kí ni?"

"Kì í ṣe ọ̀sẹ̀. Ọdún mẹ́rin ló kù. Ìyá rẹ ló kú, Rìsí, ìwé rẹ̀ kò kú. Bí iṣu tuntun bá ti jáde, wá bá mi ká jọ lọ ra ọjị, a ó bẹ ọkùnrin kan kó gbé e lọ fún ọmọ Ògbúefi. Ní báyìí, padà sílé, kí o tú ẹrù rẹ."

Ó sunkún níbẹ̀ bí ọmọdé, èmi náà sunkún. Lẹ́yìn náà ó nu ojú, ó lọ. Ní ọjọ́ kejì mo mọ̀ọ́mọ̀ gba iwájú ilé náà kọjá lọ sọ́jà, mo dúró lábẹ́ fèrèsé, mo sì gbọ́ maṣíìnì tó ń ṣiṣẹ́ lókè.